Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Ṣírò Ẹ̀jẹ̀

Bí mo bá ti rí ẹni tó ń po Milo, ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ gbé yàrá ní Al Qusais, ní Dubai, ni mo máa ń rántí. Jẹ́jẹ́ ló máa ń pò ó, bí ẹni pé ara Milo náà ò yá.

Kí nǹkan tó dẹnu kọlẹ̀ ní Dubai, afẹ́fẹ́ tó ń lu ilé gogoro ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò. Nígbà tí wọn ò kọ́lé mọ́, ó gba bẹ́ẹ̀dì òkè lọ́dọ̀ wa, ó ní oṣù mẹ́ta péré ni. Ó wá ríṣẹ́ sí Sharjah. Kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn aláìsàn ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara, òun ló máa ń fi kọ̀ǹpútà wò ó bóyá ó máa ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé agbára ẹ̀rọ ló ń bà á jẹ́ ni?”

“Agbára nìkan kọ́, àbúrò. Ẹ̀jẹ̀ lè gba ibi tó le kọjá tó bá tètè jáde. Bó ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni kó o máa wò.”

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ ní kó buwọ́ lu ẹ̀rọ kan. Ó kọ̀, torí igun kan tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yí lójú kan. Ọ̀gá ní wàhálà igun yẹn ò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣì kọ̀. Ọ̀gá ní, “Khalas, ó parí nìyẹn,” ó sì fagi lé físà iṣẹ́ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n po Milo rẹ̀ bó ṣe máa ń pò ó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó wá wo bẹ́ẹ̀dì tó ti ń sùn lé láti ọdún mọ́kànlá.

“Wàhálà ibí náà ò pọ̀,” ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́.