Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Mi Nínú Fọ́tò

Ìgbà tí kámẹ́rà onífíìmù ń kógbá sílé ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan ní Ìgbògbò, ní Ìkòròdú. Ọ̀gá mi ló ń ya fọ́tò; èmi ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní yàrá ẹ̀yìn, mò ń tún un ṣe. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí jù ni sísọ ẹ̀yìn fọ́tò di bàìbàì. Ìyàwó tuntun á dúró síwájú ààtàn, màá sọ ààtàn náà di èéfín, ojú ìyàwó nìkan ni yóò mọ́ kedere. Bí mo bá délé nírọ̀lẹ́, èmi àti rédíò ni. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n kanlẹ̀kùn ẹni ẹlẹ́ni kí n kàn kí wọn.

Ìyá mi wà ní Ẹ̀pẹ́, ó ń yan ẹja, ó ń tà á ní Ọjà Olúwo. Kí n má purọ́, iṣẹ́ yẹn máa ń tì mí lójú. Nílé ìwé, “ọmọ ẹlẹ́ja” ni wọ́n ń pè mí, wọn á sì fọwọ́ dimú. Nígbà tí mo dé Ìkòròdú, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ kan, mo yá kámẹ́rà ọ̀gá mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi kì í ya fọ́tò. Ó ní èéfín ti ba ojú òun jẹ́, ó dìgbà tí òun bá ra aṣọ tuntun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní:

“Ìwọ dúró kí wọ́n yà ọ́, jàre. Ìwọ lo ṣì lẹ́wà.”

Ó padà sídìí ààrò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi tẹ kámẹ́rà.

Nígbà tí mo ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ìyá mi ti gbójú sókè lẹ́yìn mi. Ẹja kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí, ó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi fẹ́ gbé fọ́tò náà kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, káwọn oníbàárà lè rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo sọ ààrò di bàìbàì, mo sọ ẹja di bàìbàì, mo sọ ìyá mi náà di bàìbàì. Kọ̀ǹpútà wa ti kún, nítorí náà, àtúnṣe la máa ń fi rọ́pò ti àkọ́kọ́. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn.

Kò pé ọdún méjì sígbà náà tí ìyá mi kú. Àìsàn ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù.

“Ìwọ lo wà nídìí fọ́tò. Wá èyí tó dáa jù nínú ti Màámi bọ̀, ká gbé e sórí tábìlì ìkẹ́dùn.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́.”

Gbogbo ọgbọ́n tí mo fi ń tún fọ́tò òkú olókùú ṣe ni mo lò lọ́jọ́ náà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bí mo ti fẹ fọ́tò náà tó, àwọ̀ pupa ìró tó ró nìkan ni mò ń rí, àti nǹkan funfun kan níbi tí ẹ̀rín rẹ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó pẹ́, ó ní, “Màámi dà?” Mo fìka hàn án. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. A gbé ìwé ìkẹ́dùn sórí tábìlì láìsí fọ́tò. Àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ ìyá mi ń wo tábìlì, wọ́n sì ń wo èmi tí mò ń fi fọ́tò jẹun.

Fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú mi mọ́ kedere nínú rẹ̀, èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú mi. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀.