Kọ́tìnnì Ìyá Télọ̀

Nígbà tí Ìyá Télọ̀ kò ríran ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lójú mọ́, ó gbé bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà lójú títì, ó ní ibẹ̀ nilé òun báyìí. Òun ló kúkú ni ín. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ìyá sì lọ wo ibẹ̀ lóòótọ́. Ìyàwó ọmọ fi ibi tí yóò máa bọ́ bàtà sí hàn án, ó fi àga tí kò gbọdọ̀ jókòó sí hàn án. Ìyá dúpẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù mi tẹ́ mi lọ́rùn," ó wí fọ́mọ. "Tí mo bá wúkọ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé kí ló dé."

Àmọ́ ìjọba ò gbà kéèyàn kàn sọ ṣọ́ọ̀bù di ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ kan wá, ẹni tí àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Òfin. Ó wọn ògiri, ó wọn ilẹ̀kùn, díẹ̀ ló kù kó wọn ìyá fúnra rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó fún ìyá níwèé àṣẹ láti máa gbébẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní gíláàsì ńlá tó kọjú sí títì gbọ́dọ̀ wà ní gbangba láìsí kọ́tìnnì, kí ojú títì má baà dà bí ibi tí wọ́n ti kú tán. Bí òun bá bá kọ́tìnnì níbẹ̀, òun yóò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìyá, kó máa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná, àwọn tó ṣe irú òfin yìí, ṣé ojú títì làwọn náà ti ń múra ni? A kì í fárí lẹ́yìn olórí, wọ́n ti fá ti ìyá kodoro.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, àmọ́ òǹwòran ni ìsinmi ìyá kún fún. Bó bá ń jẹun, àwọn ọmọ iléèwé á lẹ imú mọ́ gíláàsì. Obìnrin kan tiẹ̀ wọlé wá béèrè iye tó ń ta bẹ́ẹ̀dì. Kí ìyá tó fèsì, ó ti jókòó lé e, ó ń fò sókè sódò láti mọ̀ bóyá ó le.

Ìyá bá ronú bíi télọ̀. Ó kó gbogbo aṣọ tí àwọn oníbàárà rán tí wọn ò wá gbà, ó kọ́ wọn síwájú gíláàsì títí wọ́n fi bò ó. Ó sun oorun àsùnhanrun lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀, Ọ̀gá Òfin ti dé.

"Ìyá, kí lẹ fi bo ibí yìí?"

"Aṣọ oníbàárà ni, ọ̀gá. Mo pàtẹ ẹ̀ ni."

"Ẹ pàtẹ ẹ̀? A jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ni, ẹ ò sì gbọdọ̀ sùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tú u kí n tó kúrò níbí, àbí kí n gba ìwé yín."

Inú bí ìyá. Ó já àwọn aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èrò ti pé síta, wọ́n ń wò.

"Ó tán, ọ̀gá. Ẹ wá jẹ́ kí n wọṣọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì aṣọ tó fi sùn.

"Ìyá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Àwọn èèyàn ń wò yín!"

"Kí n lọ síbo? Yàrá kan lẹ fọwọ́ sí. Àbí inú ṣáláńgá lẹ fẹ́ kí n ti máa múra?"

Bọ́tìnnì kejì tú. Ọ̀gá Òfin bọ́ kóòtù rẹ̀ wàràwàrà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án mọ́ gíláàsì, ó kẹ̀yìn sí ìyá, ó dijú pa. Gbogbo títì ń wo olófin tó gbé kọ́tìnnì kọ́. Ìyá fara balẹ̀, ó ń yan aṣọ tí yóò wọ̀.

"Ṣé ẹ ti ṣe tán, Ìyá?"

"Ó tì o. Ẹ gbé apá òsì sókè sí i, ọ̀gá. Kọ́tìnnì yín kú díẹ̀ káàtó."