Ọjọ́ Tí Íńtánẹ́ẹ̀tì Já Nídìí Yìgì Àbúrò Mi

Bàbá mi kọ̀ láti yan aṣojú síbi yìgì àbúrò mi obìnrin ní Ìlọrin. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kò jẹ́ kó lè rìnrìn àjò láti Jọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu òun lòun máa fi yọ̀ǹda ọmọ òun. La bá gbé kọ̀ǹpútà mi sórí tábìlì ní pálọ̀ wa ládùúgbò Dadin Kowa ní Jọ́ọ̀sì, kí àwọn ará Ìlọrin lè rí i, kí òun náà sì rí wọn.

Lẹ́ẹ̀mejì ló ti kọ ọkọ náà tẹ́lẹ̀. Ìwà ọmọkùnrin náà ò burú; Kánádà tó fẹ́ gbé àbúrò mi lọ ni ọ̀ràn. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, àbúrò mi yìí ló ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ fún bàbá wa láràárọ̀. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé tipátipá ni bàbá mi fi gbà.

Àfáà ní, "Bàbá ìyàwó, ṣé ẹ fi ọmọ yín fún ọkùnrin yìí?" Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán, àwòrán wọn dúró gbagidi, ẹnu àfáà là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pòórá.

Àyà mi já. Mo sáré wo ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n: iná pupa. Mo pa á, mo tún un tàn. Pupa náà ni. Mo wo dátà wa, ó ṣì kù rẹpẹtẹ. Fóònù ń gba ìpè ládùúgbò wa lóòótọ́, àmọ́ kò lè gbé àwòrán. Òun gan-an ló kọ́kọ́ dún, àbúrò bàbá mi ló ń pè láti Ìlọrin.

"Kí ló dé? Àwọn àna ní àfáà bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè, ẹ̀gbọ́n mi sì pa kọ̀ǹpútà mọ́ àwọn lójú. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi tún ti kọ̀ ni?"

"Haba, Bàbá! Íńtánẹ́ẹ̀tì ló já, wallahi."

"Tó, ó dáa, ẹ tètè ṣe é. Àfáà ní òun ń lọ síbi yìgì mìíràn. Àwọn kan ti ń wá bàtà wọn."

Mo bẹ bàbá mi pé kó sọ ọ́ lórí fóònù. Ó mi orí. "Kí wọ́n rí ojú mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní o fipá mú mi." Inú bí mi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó, ó ń tún fìlà ṣe, èmi ni mo ń làágùn nínú ọyẹ́!

Mo jáde lọ wo àwo tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì lórí òrùlé. Eruku bò ó, àmọ́ kò yẹ̀. Mo padà wọlé, mo ń fọwọ́ tọ wáyà rẹ̀ lára ògiri láti ojú fèrèsé, títí mo fi dé ẹ̀yìn àga bàbá mi. Ibẹ̀ ló ti yọ. Bóyá ẹsẹ̀ àga ló fà á, bóyá ọ̀pá rẹ̀ ni, n kò mọ̀, n kò sì bi í. Mo tì í padà. Iná pupa di àwọ̀ ewé.

Àwọn ará Ìlọrin yọ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n hó yèè. Àbúrò mi wà láàárín àwọn obìnrin, ẹkún ti fọ tìróò ojú rẹ̀ kalẹ̀. Àfáà tún béèrè. Bàbá mi ò fèsì.

"Ó tún ti já o!" ni àbúrò bàbá mi pariwo.

Mo wo ẹ̀rọ. Iná ò yí padà. Mo wo bàbá mi: kò gbé ojú kúrò lára àbúrò mi. Ẹ̀rù bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí mo bá sọ pé nǹkan kan ò já, yìgì ti dàrú nìyẹn.

Mo tẹ̀ síwájú. "Ẹ má bínú, a ò gbọ́ àfáà dáadáa, íńtánẹ́ẹ̀tì yìí ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un sọ."

Bàbá mi yíjú sí mi. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Àfáà béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá mi sì dáhùn sókè ketekete pé, "Mo fi ọmọ mi fún un."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àdúà ní Ìlọrin, ó na ọwọ́ lábẹ́ tábìlì, níbi tí wọn ò ti lè rí i, ó di ọwọ́ mi mú pinpin. Èmi nìkan ló kù fún un nínú ilé yẹn.