Ìwé Àṣìṣe Ìyàwó Àbúrò Mi

Bí mo bá ti rí ìwé kékeré aláwọ̀ ewé, ìyàwó àbúrò mi ni mò ń rántí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣẹ̀dá ọ̀tayò sínú fóònù, ẹni téèyàn á bá ta ayò bí kò bá sí ẹnìkejì. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe kì í ṣàṣìṣe rárá. Bàbá awakọ̀ ojú omi kan, ọ̀ta tó máa ń na gbogbo wa nídìí ayò ní èbúté Badagry, bá a ta á lẹ́ẹ̀kan péré, ó dá fóònù padà.

"Ìyàwó wa, mi ò lè máa bá ògiri ṣeré."

Bí gbogbo èèyàn bá sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọdún kan wọmi nìyẹn. Ló bá ń wá jókòó tì wá, ó ń kọ àṣìṣe wa sínú ìwé. Èmi ló ń bi jù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ta ọmọ ayò inú ilé yẹn?" Mo rò pé ọgbọ́n mi ló wù ú. Mo ń ṣàlàyé bíi tíṣà.

Nígbà tó yá, ó ṣe ọ̀tayò tuntun, ó tún gbé fóònù fún bàbá. Bàbá ta á, ó tún un ta. Èrò tó ń lọ sí erékùṣù Gberefu kún inú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ń pè é, kò dìde.

"Má wulẹ̀ ronú mọ́, òpè, o ti kú!" Fóònù ló ń bá wí. Lójijì, ó wò mí. "Ìyàwó wa, òpè yìí máa ń sáré jẹ ọmọ méjì láìwo ilé ara rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ gẹ́lẹ́!"

Ìyàwó àbúrò mi rọra pa ìwé dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ dùn ún bá ta jù."