Ìdílé Àdùkẹ́ Agbétírélà

Láti àárọ̀ ni ọkàn Hidayat kò ti balẹ̀. Ayàwòrán ni, ìwé kọ́míìkì ló ń yà nínú yàrá tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní Ìkòsì. Akọni inú ìwé náà, Àdùkẹ́ Agbétírélà, lágbára débi pé ọwọ́ kan ló fi ń gbé tírélà kúrò lójú títì. Ẹ sọ fún mi, akọni wo ni Èkó tún nílò? Ojú bàbá rẹ̀ tó ti kú ni Hidayat yà fún un, tòun ti ilà tó tẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ imú wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

Wàhálà dé nígbà tí Jayé, ọ̀gá tó ń tẹ ìwé náà jáde ní Magodo, pè é pé àwọn òǹkàwé ń jà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní Àdùkẹ́ kò jọ Yorùbá.

"Hidayat, please, kọ page kan nípa ìdílé ẹ̀, kó o fi oríkì sí i. Four o'clock la máa print o."

Kíá ló kọ ọ́: ọmọ Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé, nítorí Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń sọ nílé pé bàbá rẹ̀ ti wá. Oríkì ni kò mọ̀. Ti ìdílé ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń kì í láti kékeré. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Hidayat ti sọ tirẹ̀ lórúkọ kó tó wo ilé. Ó gbéra, ó di ìsọ̀ iṣu ìyá rẹ̀, Ajarat, ní Mile 12. Ó fi àwòrán Àdùkẹ́ hàn án, ó ní kó kọ́ òun ní oríkì bàbá òun.

Kí ìyá tó la ẹnu, Ndagi, awakọ̀ tó kó iṣu wá, ti yọjú wo àwòrán inú fóònù. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Aunty, ta ló ya ọmọ Tápà yìí? Ilà wa nìyẹn now! Bàbá mi gan-an ní in."

Hidayat retí kí ìyá rẹ̀ já awakọ̀ náà ní koro, nítorí obìnrin yìí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ńṣe ni ìyá ń nu iṣu tí kò dọ̀tí. Bí kì í bá ṣe Ọ̀yọ́, a jẹ́ pé Hidayat kò mọ ara rẹ̀, ó sì ti fẹ́ tẹ irọ́ fún gbogbo ayé kà. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù. Ó dúró títí Ndagi fi padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni Daddy ti wá?"

"Bídá," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bàbá mi búra pé òun ò ní fi ọmọ òun fún Tápà. La bá ní Ọ̀yọ́ ni. A ní àìsàn ọmọdé ni wọ́n torí ẹ̀ kọlà fún un. Nígbà tí àbúrò ẹ̀ wá kí wa láti Bídá, Daddy ẹ sọ fáwọn ará ilé pé customer òun ni."

"Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi kọ́ mi ní oríkì ẹ̀?"

"Irọ́ la pa, ọmọ mi. Oríkì wo ni mo fẹ́ kì?"

Hidayat pa Ọ̀yọ́ rẹ́ nínú fóònù, ó kọ ọ́ pé: Ọmọ Tápà ni Àdùkẹ́, Bídá ni ilé bàbá rẹ̀. Kò lè fi ránṣẹ́. Bí ìyá bá ní kó má ṣe é ńkọ́? Ó na fóònù náà sí i.

Ajarat kò mọ̀wé. Ó tẹjú mọ́ ọn fúngbà díẹ̀, ó dá a padà.

"Kà á sókè," ó ní. "Gbogbo ọdún tí mo fi fẹ́ bàbá ẹ, mi ò gbọ́ kẹ́nikẹ́ni pè é lọ́mọ Bídá rí."

Hidayat kà á. Ìyá rẹ̀ fi ìborùn nu ojú, ó ní kó tún un kà kó tó fi ránṣẹ́.