Ìwé Tó Bá Aṣọ Funfun Wọ Omi

Ogún ọdún gbáko ni obìnrin alágbàfọ̀ kan fi fọ aṣọ aláṣọ kí ohun kan tó wọlé rẹ̀ tí a kọ orúkọ òun alára sí lára. Kó tó di ìgbà náà, orúkọ àwọn ẹlòmíràn ni ojú rẹ̀ mọ̀: èyí tí wọ́n fi òwú pupa rán sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi yíǹkì kọ sí inú ìbàdí ṣòkòtò. Láti inú aṣọ ni ó ti mọ gbogbo àdúgbò. Ó mọ ẹni tó ń jẹun lórí bẹ́ẹ̀dì, ó mọ ẹni tó ń sunkún sórí ìrọ̀rí. Ó mọ ọkùnrin kan tó ń pariwo pé òun kì í jókòó níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu nítorí ìjókòó. Kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. "Omi ti gbé e lọ," ni ó máa ń wí bí wọ́n bá bi í.

Yàrá méjì ni ilé rẹ̀. Ti iwájú ni ìsọ̀: tábìlì gígùn kan tí ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù tẹ́, áyọ́ọ̀nù méjì, àti pẹpẹ tí aṣọ tó ti parí máa ń dúró lé. Ti ẹ̀yìn ni ó ń sùn. Nínú àgbàlá, báàfù mẹ́ta ló tò tẹ̀ léra wọn: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tí ó fi ń ṣan ọṣẹ kúrò, ọ̀kan fún búlúù tó ń mú kí aṣọ funfun tún funfun sí i. Òfin kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń kọ́ ọ níṣẹ́: funfun pẹ̀lú funfun, pupa ní tirẹ̀. Bí ẹ bá di ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní ṣi aṣọ yà sọ́tọ̀. Ọwọ́ náà kì í dúró de orí kó tó ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n ọwọ́ yìí ló sì wá kó o sí wàhálà.

Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ ni aránbàtà kan, ọkùnrin tí kì í kan ìṣó mọ́ bàtà láì kan ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ọdún kẹrìnlá rèé tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fa alágbàfọ̀ wọ ẹgbẹ́ òǹkàwé. Tíṣà yìí máa ń gbàgbé bébà sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà bá bébà kan níbẹ̀ tí tíṣà da díẹ̀ nínú ìtàn kan kọ sí, nípa ọmọbìnrin kan tó sọ kọ́kọ́rọ́ ilé wọn sínú kànga. Nígbà tí tíṣà wá gba aṣọ, ó bá bébà rẹ̀ lórí aṣọ náà, obìnrin náà ti lọ̀ ọ́ pẹlẹbẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni alágbàfọ̀ wí, "ta ló wá bá wọn yọ kọ́kọ́rọ́ yẹn?"

Tíṣà wò ó, ó ká bébà náà sápò, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kó lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní ìlú mìíràn, ó kọ lẹ́tà sí i. Ó ní àwọn méje kan wà ní ìlú méje, ìwé ìtàn àròsọ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń kà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ìwé ń lò lọ́wọ́ ẹnì kan, kí onítọ̀hún tó gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, kí ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn. Ìwé pẹlẹbẹ kan máa ń bá a rìn, tí kálukú ń kọ ohun tó rí nínú ìtàn náà sí. Ó ní bí ó bá fẹ́, kó wá ṣe ẹnì kẹjọ wọn. Obìnrin tó jẹ́ ìwé mẹ́fà péré ló kà! Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó tún ka ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọn ò kọ nǹkan kan sí.

Ìwé náà dé ní ọjọ́ Ajé kan. Onílẹ́tà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ka orúkọ rẹ̀ lódindi, ó ní, "Mà, ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà bí ẹni tí wọ́n pè ní kóòtù.

Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ inú èèpo ìwé náà. Àwọn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀: tíṣà ni àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì kan ni ìkejì, agbẹ́kàǹga kan ni ìkẹta. Ìkẹrin, orúkọ tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: alágbàfọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, tíṣà fi ọwọ́ rẹ̀ tó gún régé kọ ọ́ pé: *Ẹni tí ìwé bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó fagi lé orúkọ rẹ̀.*

Ẹ̀rù bà á. Ìwé tó ti gbó ni. Àtàǹpàkò àwọn tó ti ṣí i láti ọdún pípẹ́ ti jẹ igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ débi pé nọ́ńbà ojú ìwé ti parẹ́ pátápátá. Ó wá àpò ìrọ̀rí tó funfun jù nílé, ó fi wé e, ó sì gbé e sórí pẹpẹ. Kì í fọwọ́ kàn án àfi bó bá ti fọwọ́, tí ó sì ti nù ún gbẹ. Ewé márùn-ún márùn-ún lójúmọ́ ló pinnu pé òun ó máa kà, nítorí kò fẹ́ kó tètè tán. Ìtàn náà sì nìyí: tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì jà lórí ilé tí ìyá wọn fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n bínú lọ, àbúrò ń gbé inú ilé náà láìṣí fèrèsé.

Ní ọjọ́ kẹfà, aṣọ ilé ìwòsàn kan dé, funfun láti òkè délẹ̀. Obìnrin náà ń kó wọn bọ báàfù, ó ń ro ọ̀rọ̀ àbúrò tí kò ṣí fèrèsé. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ó ń kó gbogbo funfun tó bá kàn. Ó kó wọn kúrò nínú omi ọṣẹ, ó ṣàn wọ́n, ó kó wọn bọ búlúù. Ìgbà tó gbé àpò ìrọ̀rí kan sókè láti fún un ni nǹkan le gbagidi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé ọṣẹ ló há síbẹ̀.

Igbe tó ké mú kí aránbàtà sáré wọlé tòun ti òòlù lọ́wọ́.

"Kí ló dé? Ejò ni?"

"Ìwé ni."

"Ìwé wo?" Ó wo inú báàfù. "Háà! Alágbàfọ̀! Ṣòkòtò mi wà níbẹ̀ yẹn láti ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, o ò fọ̀ ọ́, ìwé lo fọ̀!"

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á fagi lé orúkọ mi," ni ó wí. "Ọjọ́ mẹ́fà péré ni mo lò níbẹ̀."

Ọkùnrin náà gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Má tíì sunkún. Ìwọ ṣáà lo mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ nǹkan."

Òótọ́ ni. Kò fún un, nítorí a kì í fún aṣọ ẹlẹgẹ́. Ó tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì kó máa ro. Òwú tí wọ́n fi rán ìwé náà ti já, nítorí náà, ó fi ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ńlá ya ewé kọ̀ọ̀kan lára èkejì, ó sì ń fi pẹ́ẹ̀gì há wọn mọ́ okùn tó ta yí yàrá iwájú ká. Ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún ni. Nígbà tó há èyí tó kẹ́yìn, ó yíjú padà wo gbogbo wọn. Búlúù ti wọ inú bébà àtijọ́ náà. Gbogbo àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ti lọ; ó mọ́ bí ojú ọ̀run ìdájí, ọ̀rọ̀ sì dúdú kedere lára rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó ṣí, títí kan orúkọ tí wọ́n fi bírò kọ sínú èèpo. Afẹ́fẹ́ fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé. Ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún jọ mì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó dà bíi pé wọ́n ń mí," ni aránbàtà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lọ̀ wọ́n. Ó ń fi háńkáṣíìfù méjì bo ewé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó ń gbé áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù lé e. Ìgbà tó fẹ́ tò wọ́n ni ó tó rántí pé kò sí nọ́ńbà kankan. Ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àkọ́kọ́ tó ti kà ló mọ̀. Ìyókù, ìyẹn mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ti dàrú.

Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kó kà wọ́n lọ. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, sórí bẹ́ẹ̀dì, sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rí ibi tí àbúrò ti ń hewú kó tó rí ibi tó ti ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Bí gbólóhùn kan bá já ní ìsàlẹ̀ ewé kan, á máa wá ibi tó ti tẹ̀ síwájú káàkiri ilé, bí ẹni ń wá ẹlẹgbẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Bí ó ti ń ṣe é ni ohun kan ń hàn sí i tí kò rò rí. Ife tó fọ́ ní ewé kan, ẹlòmíràn ti rà á ní ewé mìíràn tó jìnnà. Ọ̀rọ̀ tí ìyá wọn sọ lójú ikú, ẹ̀gbọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ó yí ìwé náà padà sí òdì bí ẹ ṣe ń yí aṣọ, ó sì rí ojú rírán rẹ̀. Kò sí òwú tó kàn ń fì lásán.

"Bàbá Aránbàtà," ni ó ké láti inú yàrá, "ẹni tó ṣe nǹkan yìí, ṣé èèyàn bíi tiwa ni?"

"Kó wá rán bàtà ká wò ó," ni aránbàtà dáhùn.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, gbogbo ewé ti rí àyè, àfi ẹyọ kan. Ìpín kékeré kan ló wà lára rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lójú kan, tó sì parí lójú kejì. Ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá wọn, ó kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ tí àbúrò ń kọrin nínú ilé. Ó tún gbé ọwọ́ sókè. Ó parí síbẹ̀. Bí ewé yìí bá wà láàárín ìwé, a jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n dé, ó sì yí padà, wọn ò sì ríra mọ́ láéláé. Bí ó bá wà ní ìparí, a jẹ́ pé ó padà wá. Lẹ́tà sí tíṣà á gba ọjọ́ mẹ́rin kí èsì tó padà dé, ọjọ́ mẹ́ta ló sì kù.

Aránbàtà ló bá a fi abẹ́rẹ́ awọ rán àwọn tó pé. "Kọ ọ́ pé òjò ló pa á lọ́nà," ni ó wí. "Ta ló máa bi òjò?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn gbọ́ létí. Obìnrin náà mú bírò, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un. Lẹ́yìn náà, ó kọ sínú ìwé pẹlẹbẹ pé: *Èmi alágbàfọ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi fọ ìwé yìí. Kì í ṣe òjò. Ewé kan ṣẹ́kù tí mi ò mọ àyè rẹ̀, mi ò sì fẹ́ fipá rán an mọ́ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá fagi lé orúkọ mi, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan sọ fún mi bóyá ó wọlé.*

Ó fi ewé náà sínú àpò lẹ́tà, ó kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì karùn-ún, awakọ̀ ẹrù kan tó ti fẹ̀yìn tì.

Bí ìwé bá yí po, oṣù márùn-ún ni kó tó tún kan òun. Bí onílẹ́tà kò bá wá ní oṣù náà, yóò mọ̀ pé wọ́n ti yọ òun. Ó ń fọ aṣọ. Ó fọ ṣòkòtò aránbàtà níkẹyìn. Nígbà tí oṣù karùn-ún wọlé, gbogbo ìgbà tí ó bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ lójú pópó ni áyọ́ọ̀nù máa ń dúró lójú kan. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì dókítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Oṣù náà parí. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá lórí rẹ̀. Aránbàtà kò bá a ṣàwàdà mọ́, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù.

Ní ọjọ́ karùn-ún, onílẹ́tà sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. "Mà, ṣé ẹ̀yin ni?"

Ó tú okùn rẹ̀. Nínú bébà náà, aṣọ pupa ló bá, pupa fòò, wọ́n fi wé ìwé náà. Ìwé kan náà ni, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó ṣí èèpo rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ré kọjá sí nọ́ńbà kẹrin. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó wo ìsàlẹ̀. Òfin ni wọ́n fagi lé.

Ó wá ṣí ìwé pẹlẹbẹ. Awakọ̀ ẹrù ti kọ ọ́ pé: *Àárín ni mo fi í sí. Èmi náà dé ẹnu ọ̀nà bàbá mi rí, mo tún yí mọ́tò padà.* Àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kò fẹnu kò: ẹnì kan ní àárín, ẹni méjì ní ìparí. Tíṣà kọ tirẹ̀ ní ìlà gígùn: *Àwa mẹ́ta tí a ti kà á kó tó wọ omi mọ ibi tí ewé yìí wà. A kò ní sọ. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ìwé yìí ti wà lọ́wọ́ mi, n kò bi ara mi rí bóyá ẹ̀gbọ́n yẹn wọlé. Ẹ jẹ́ kí a tún un kà. Aṣọ pupa yìí jẹ́ ti alágbàfọ̀ wa. Mo rántí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í kó pupa pọ̀ mọ́ funfun.* Nọ́ọ̀sì sọ pé ìparí ni òun fi í sí, kí òun lè sùn. Lẹ́yìn rẹ̀, agbẹ́kàǹga kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá: *Mo mọ àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé e síwájú gbogbo rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìwé náà wá di ohun tí ẹ̀gbọ́n ń rò lórí ìdúró, kí ọwọ́ rẹ̀ tó tún kan ilẹ̀kùn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀.*

Obìnrin náà jókòó. Ewé kan ṣoṣo, tó ti inú omi ọṣẹ òun jáde!

"Wọ́n ti yọ ẹ́ ni?" ni aránbàtà bi í láti ìsọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Rárá o. Ìwé yẹn náà ni wọ́n fi ránṣẹ́."

"Èyí tó o ti kà tán?"

"Mi ò tíì kà á." Ó dìde, ó fọwọ́, ó nù ún gbẹ láàárín ìka gbogbo. Ó fa ewé náà yọ nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sí iwájú gbogbo rẹ̀ bí agbẹ́kàǹga ti wí.

"Kà á sókè," ni ọkùnrin náà wí, "mo ní etí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ orin nínú ilé, ó sì tún gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tó ṣí ojú ìwé tó kàn, tí ó wá kan ìgbà èwe àwọn méjèèjì, ó gbọ́ pé òòlù ẹ̀gbẹ́ ilé ti dákẹ́, ẹni tó ni ín kò sì rí ọ̀rọ̀ kan kàn mọ́ ìtàn náà.