Irọ́ Tí Mo Pa fún Alhájà Nípa Gáàsì

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà ní agboolé wa ní Bẹ̀yẹrúnkà. Alhájà ni gbogbo wa ń pè é láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Igi àti èédú ló fi ń dáná láti kékeré. Fèrèsé kékeré kan péré ni ilé ìdáná wa ní, ògiri rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí Alhájà bá jáde níbẹ̀ láàárọ̀, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, omi á máa dà níbẹ̀, á sì máa wúkọ́ títí tí yóò fi wá ibi jókòó sí. Dókítà tó yẹ ojú rẹ̀ wò sọ fún mi pé bí kò bá jìnnà sí èéfín, ojú ọ̀tún kò ní pẹ́ ṣú.

Ìṣòro kejì wà nílẹ̀ tí a kì í sọ lójú àlejò. Ṣáláńgá wa ti kún. A pọ̀ nínú agboolé náà, ọ̀nà tó wọ ọ̀dọ̀ wa sì tóóró débi pé bí ọ̀kadà méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fara ti ògiri. Ọkọ̀ tó ń fa ìgbọ̀nsẹ̀ kò lè débẹ̀ láéláé. Bí òjò bá ti rọ̀, imú kálukú ló ń sọ fún un pé ó ti kún.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Níbi ìpàdé kan ni mo ti pàdé àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà mẹ́ta tí wọ́n ń wá agboolé kan láàárín ìlú àtijọ́ tí wọ́n lè fi dán iṣẹ́ wọn wò. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun, kí wọ́n gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi bíríkì àti sìmẹ́ǹtì kọ́ ọ bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ̀ ọ́. Ìgbọ̀nsẹ̀ ènìyàn, ìgbẹ́ ẹran àti èèpo oúnjẹ ni yóò máa wọ inú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí yóò máa jẹ ẹ́, gáàsì yóò máa jáde lára rẹ̀, páìpù yóò sì gbé gáàsì náà wọ ilé ìdáná. Mo gbọ́ ọ tán, orí mi wú. Ìṣòro méjì, oògùn kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà, nítorí bí mi ò bá sọ ọ́, irọ́ ni mo tún ń pa. Kì í ṣe ojú Alhájà nìkan ni mo rò. Mo ti ń rí ara mi lójú ọkàn, bí mo ṣe dúró níwájú àwọn àlejò, tí mò ń sọ pé agboolé tiwa ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìsàlẹ̀ Mápó.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ẹbí, àwọn ọkùnrin gbà. Baálé wa ní, “Alhájà ló ni ilé ìdáná o. Ohun tó bá sọ la máa ṣe.”

Mo bá Alhájà lórí ẹní ìkírun rẹ̀ lẹ́yìn Alásàárì. Ó gbọ́ mi títí, ó ń fi ọwọ́ ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Kí ló ń mú gáàsì yẹn jáde?”

“Ìgbẹ́ àwọn àgùntàn wa ni, Alhájà, pẹ̀lú èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.”

“Ìyẹn ò burú. Ẹlẹ́bọ́tọ màlúù ni ìyá mi fi ń pa ilẹ̀ ilé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun tí wọ́n láwọn fẹ́ kọ́ ńkọ́? Ṣé kò kan ibẹ̀?”

“Rárá o, Alhájà. Ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀.”

“Ó dá ọ lójú? Torí omi àlùwàlá mi ni mo máa gbé ka iná yẹn o.”

“Ó dá mi lójú, mà.”

Bẹ́ẹ̀ ló rọrùn. Ahọ́n mi ò tiẹ̀ kọsẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí ojú rẹ̀ bá ti sàn, màá jókòó tì í, màá ṣàlàyé fún un.

Wọ́n kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣáná sí i, iná náà bù yẹ̀rì, ó mọ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró. Alhájà pàtẹ́wọ́. Ó pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ikọ́ rẹ̀ dín kù, ó sì ní kí wọ́n fi ẹfun kun ògiri ilé ìdáná. Lójoojúmọ́ ló ń ṣàdúrà fún mi: “Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tìẹ náà rí ìbànújẹ́.” Mò ń ṣe àmín, ọkàn mi ń gún mi. Mo bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n má sọ ohun tó ń wọ inú kòtò létí rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ò mọ̀ pé Alhájà kò mọ̀. Àwẹ̀ wọlé, gáàsì yẹn ló fi ń se sààrì wa. Ojú rẹ̀ sàn, ṣùgbọ́n mi ò ṣàlàyé ohunkóhun fún un.

Oṣù kẹjọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wò ó láti Agodi. Alhájà wọ bùbá funfun, ó gbé ìborùn lé orí, òun fúnra rẹ̀ ló kó wọn wọ ilé ìdáná.

“Ìgbẹ́ àgùntàn ni o!” ló wí fún wọn. “Ẹ wo iná bó ṣe mọ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?”

Ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní ìtẹríba, kúnlẹ̀ díẹ̀. “Ẹ ṣeun, Alhájà. Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kún un, mà. Ìgbẹ́ àgùntàn ò pọ̀ níbẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ agboolé gan-an ló ń mú èyí tó pọ̀ jù wá.”

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Alhájà ò wo ọmọbìnrin náà rárá. Èmi ló wò. Ó fa ìborùn bo ẹnu, ó ní, “Ẹ kú àbọ̀ o,” ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

“Ṣé òótọ́ ni ohun tí ọmọ yẹn sọ?”

“Òótọ́ ni, mà.”

“O mọ̀ nígbà tí mo bi ọ́?”

“Mo mọ̀, mà.”

“Nínú àwẹ̀ tó kọjá, tí mò ń gbé àwo sààrì fún ọ, o mọ̀?”

Alhájà ò pariwo, kò ṣépè. Ó ní kí n dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àdògán èédú rẹ̀ àtijọ́ jáde sí àárín àgbàlá, ó sì dáná níbẹ̀.

Mo sáré lọ bá ààfáà àgbà kan ní Ọ̀rányàn. Bàbá náà fara balẹ̀ bi mí.

“Ṣé ìgbọ̀nsẹ̀ náà fara kan ìkòkò?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé ó kan omi?”

“Rárá, sà. Gáàsì nìkan ló ń gba inú páìpù wá.”

“Iná wá ni iná ń jẹ́. Lójú tèmi, kò sí ohun tó ba ìrun rẹ̀ jẹ́.” Mo mí kanlẹ̀. Bàbá wá wò mí. “Kí ló dé tí o ò wá bi mí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ni.”

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sílé. Bí mo bá ti sọ òótọ́ fún Alhájà ní ọjọ́ kìíní, yóò ní kí n lọ bi ààfáà. Ààfáà yóò sọ ohun tó sọ yìí. Iná kan náà la máa tàn, orí ìkòkò kan náà. Irọ́ mi ò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Mo jíṣẹ́ ààfáà fún Alhájà. Ó ń fẹ́ èédú rẹ̀, kò gbójú sókè.

“Mo ti bi ààfáà tèmi léèrè fúnra mi,” ló wí. “Iná yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìwọ ni mi ò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ.”

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn obìnrin agboolé kan ní Ọ̀rányàn wá bi Alhájà bóyá kí àwọn gbà kí wọ́n kọ́ irú rẹ̀ fún àwọn. Mo wà nínú yàrá, mò ń gbọ́ wọn. Mo rò pé yóò lé wọn.

“Ẹ gbà á,” ó ní. “Ojú mi sàn lórí rẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n ṣí ihò náà hàn yín, kí ẹ fi ojú ara yín rí ohun tó ń wọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fi ẹnu lásán ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lèmi àti àwọn ẹnjiníà ṣe lọ́dọ̀ wọn. Mo sọ ohun gbogbo, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyá àgbà méjì kọ̀, a ò sì fa páìpù dé ilé ìdáná wọn. Àwọn yòókù ń lò ó títí di òní.

Ojú ọ̀tún Alhájà ti ń ṣú báyìí. Dókítà bi mí bóyá ó ti padà sídìí èéfín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bi mí pé kí ló fà á.

Ní Jímọ̀ kan láìpẹ́ yìí, òjò pa gbogbo èédú rẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó ní kí n ṣáná sí gáàsì fún òun. Mo ṣáná sí i. Ó gbé ìkòkò omi kà á, àwa méjèèjì dúró.

“Kí ló ń wọ inú kòtò yẹn báyìí?” ló bi mí.

“Ìgbẹ́ àgùntàn, mà, èèpo oúnjẹ, àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló pọ̀ jù.”

“Mo gbọ́.”

Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó bù ú, ó lọ ṣe àlùwàlá. Ní ọjọ́ kejì, èédú ló tún fi dáná. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí tàbí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì ní ìgboyà láti bi í.